Sísítà Kenny: Obìnrin Tó Tú Ìdè Lẹ́sẹ̀ Àwọn Ọmọdé

 

Ní ọjọ́ ìlera tí ẹgbẹ́ wa ṣe kẹ́yìn, nígbà tí àwa àti àwọn nọ́ọ̀sì yòókù jókòó ti ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá kan mú ọkọ rẹ̀ wá. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí sítúróòkù ti mú bàbá náà. Ìyá fi gèlè so ọwọ́ òsì bàbá mọ́ àyà, ó ní kí ọwọ́ náà má baà wúwo fún un. Òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e dìde lórí àga. Nígbà tí a bi í léèrè bóyá àwọn fisiotẹ́rápì ń wá sílé, ó ní wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ní kí wọ́n má wá mọ́, nítorí ìyà ni wọ́n ń fi jẹ bàbá. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọn ò gbọdọ̀ máa ní kó dìde kó jókòó bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ tíṣà. Ìfẹ́ ni ìyá yìí fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. A ṣèlérí fún un pé a ó kọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn wa. Ìlérí yẹn la fẹ́ mú ṣẹ, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ ka òfin ìlera sí yín létí. Ìtàn ayé obìnrin kan la fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn rora gbé ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ dìde ni gbogbo ayé fi bá a jà.

Elizabeth Kenny ni orúkọ rẹ̀. Sísítà Kenny ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé sísítà ìjọ Àgùdà ni o. Oyè nọ́ọ̀sì ológun ni, a ó sì dé ibẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù September, 1880, ni wọ́n bí i, lẹ́bàá ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Warialda ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ará Ireland ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kún, tó ń kó ìdílé rẹ̀ kiri láti oko kan dé òmíràn, títí wọ́n fi dé apá ibi tí wọ́n ń pè ní Nobby ní Queensland. Ìwé díẹ̀ ni ọmọbìnrin náà kà. Nígbà tó ń dàgbà, ó já bọ́ lórí ẹṣin, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú Toowoomba lọ́dọ̀ dókítà kan tó ń jẹ́ Aeneas McDonnell. Ibẹ̀ ni orí ti ṣe é. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń san, dókítà yìí jẹ́ kó máa ka àwọn ìwé òun, ó sì ń ṣàlàyé fún un bí iṣan ṣe so mọ́ eegun àti bí iṣan kan ṣe ń fà tí ìkejì rẹ̀ fi ń dẹ̀. Títí McDonnell fi kú, òun ni Kenny máa ń sá tọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi pa mọ́ ni pé obìnrin yìí kò lọ sí iléèwé nọ́ọ̀sì rí. Ó lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní ìlú Guyra, ó ní kí wọ́n rán aṣọ nọ́ọ̀sì fún òun, ó padà sí Nobby, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gun ẹṣin láti oko dé oko, ó ń gbẹ̀bí, ó ń tọ́jú ẹni tí ibà mú àti ẹni tí igi wó lù. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka èyí, inú wa kò dùn. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ òru àìsùn gba ìwé ẹ̀rí nílé, tí a dé ìlú ọba tí wọ́n tún ní ká wá fi hàn pé a mọ ohun tí a ti mọ̀, kò rọrùn fún wa láti yin ẹni tó kàn rán aṣọ funfun sọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka ìtàn rẹ̀ lọ ni a rí i pé àìníwèé-ẹ̀rí yìí náà ló ta á ní ìbọn lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1943, ọdún 1911 ni wọ́n pè é sí oko kan, ó sì bá ọmọdébìnrin kan tí ara ń ro gidigidi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò tí kò ṣe é nà. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fi wáyà ránṣẹ́ sí McDonnell. Èsì tó padà wá ni pé rọpárọsẹ̀ ni, pé kò ní oògùn, kó máa tọ́jú ohun tí ojú rẹ̀ bá rí bó bá ti lè ṣe é tó. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni iṣan tó le gbagidi tó sì ń dun ọmọ. Ó gé kúbùsù onírun àgùntàn wẹ́wẹ́, ó rì í sínú omi gbígbóná, ó fún un gbẹ, ó wé e mọ́ ẹsẹ̀ náà. Bó bá ti tutù, á tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá ọmọ náà sùn. Àwọn tó wá yẹ ìtàn ayé Kenny wò lẹ́yìn tó kú kò gbà pé gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí ó fẹ́ràn láti máa fi iyọ̀ sí ìtàn ara rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé aṣọ gbígbóná yẹn ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera lè mọ ohun tí rọpárọsẹ̀ ń ṣe. Ẹnu ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé, nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbọ̀nsẹ̀ ti kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá gbé e mì kì í mọ̀ rárá, òmíràn á ní ibà díẹ̀. Lára ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ti máa ń wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, tí á sì pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ sí iṣan. Iṣan náà fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́. Bí ìgbà tí wáyà NEPA bá já lórí òpó ni: kò sí ohun tó ṣe gílóòbù inú ilé, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí gbogbo wáyà bá já, ẹsẹ̀ yóò rọ. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló já, èyí tó kù lè máa gbé iná fún gbogbo ilé, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí àwọn dókítà ayé ìgbà náà ń ṣe ni kí wọ́n de ọmọ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n á fi P.O.P. tàbí pákó àti irin de ẹsẹ̀ méjèèjì, nígbà mìíràn gbogbo ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, fún oṣù púpọ̀. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n. Èrò wọn ni pé iṣan tó lágbára yóò máa fa èyí tí kò lágbára, eegun ọmọ yóò sì wọ́, nítorí náà kí a de gbogbo rẹ̀ títí ewu yóò fi kọjá. Èrò tó dára létí ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣẹ́ apá rí, tí wọ́n tú P.O.P. rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mọ bí apá náà ṣe máa ń rí: á tín-ín-rín, á le, kò ní ṣe é ká. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Kenny ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Aṣọ gbígbóná ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, kí ìrora rọlẹ̀, kí iṣan dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ọmọ, yóò máa ká a, yóò máa nà án, jẹ́jẹ́, kò ní fà á kọjá ibi tó bá gbà. Lẹ́yìn èyí ló kan iṣẹ́ tó ṣòro jù. Yóò fi ìka kan ibi tí iṣan kan ti so mọ́ eegun, yóò sọ fún ọmọ náà pé kó kó gbogbo ọkàn rẹ̀ síbẹ̀, kó gbìyànjú láti gbé e. Ó gbà pé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún fún ìgbà pípẹ́ lè gbàgbé ọ̀nà tó lọ sí iṣan náà, bí ẹni gbàgbé ọ̀nà oko, àti pé a lè kọ́ ọ padà. Ó lè lo odidi wákàtí kan lórí kókósẹ̀ kan ṣoṣo.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló gbà á kúrò ní oko. Wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì ológun Ọsirélíà ní 1915, nítorí wọ́n nílò ènìyàn. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ogun tó farapa padà sílé, tí wọ́n máa ń pa gbogbo iná wọn lóru kí ọ̀tá má baà rí wọn. Ní 1917 wọ́n sọ ọ́ di Sísítà, oyè tí ó ń jẹ́ títí ó fi wọ ilẹ̀, tí àwọn tó kórìíra rẹ̀ náà kò sì yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó padà, kò jókòó tẹtẹrẹ. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kan farapa nínú oko, Kenny sì ṣe ibùsùn kan tí wọ́n lè fi gbé ọmọ náà rin ọ̀nà jíjìn láìmì í púpọ̀. Ní 1927 ó gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí sítírẹ́ṣà yẹn, owó tó sì ń wọlé lórí rẹ̀ wà lára ohun tó fi ń gbọ́ bùkátà. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ó gba ọmọdébìnrin kan tọ́, Mary Stewart, tí òun náà wá di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí.

Ní 1932 ó dé ìlú Townsville. Ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì kan ló ti bẹ̀rẹ̀ níta gbangba, lábẹ́ ìbòrí, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ilé ìwòsàn ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe fún, àti àwọn tí ọpọlọ wọn ti farapa láti ìgbà ìbí tí ara wọn fi le. Àwọn òbí ń gbé ọmọ wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìjọba Queensland rí i pé àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé e, wọ́n sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1934, lẹ́yìn náà ní Brisbane. Àwọn dókítà kò gbà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ọdún 1938 sì ni àbọ̀ wọn jáde. Wọ́n dá a lẹ́bi pátápátá, pàápàá lórí títú ìdè.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ yìí ń jókòó lọ́wọ́, Kenny wà níhìn-ín ní ìlú ọba. Ní 1937, owó tí àwọn òbí tó ń dúpẹ́ dá jọ ni ó fi wọ ọkọ̀ wá, wọ́n sì fún un ní wọ́ọ̀dù méjì ní Queen Mary's Hospital for Children ní Carshalton, ní Surrey. Àwọn tó ń gbé apá Croydon àti Sutton nínú wa mọ àdúgbò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì náà kò fara mọ́ ọn. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wọn lórí rọpárọsẹ̀ ló lòdì. Alejò tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn kí onílé, ẹ̀yin náà mọ irú ìdáhùn tó lè gbà. Nígbà tó délé, àbọ̀ ìgbìmọ̀ ló kí i káàbọ̀. Síbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwòsàn Brisbane fún un ní wọ́ọ̀dù kan ní 1939. Níbẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kó tọ́jú àwọn ọmọ tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, kì í ṣe àwọn tí ìdè ti bà jẹ́ tán nìkan.

Ọdún 1940 ni ayé rẹ̀ yí padà. Ó jẹ́ ẹni ọdún 59, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ronú owó ìfẹ̀yìntì. Ìjọba Queensland san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, Mary sì bá a lọ. Ní New York, wọn kò kà á sí. Ní Chicago náà, bákan náà. Ó dé Mayo Clinic ní Rochester, àwọn ìyẹn sì rán an lọ sí Minneapolis, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ní rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí. Àwọn dókítà mẹ́ta kan, Miland Knapp, John Pohl àti Wallace Cole, ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ṣe: wọn kò bi í ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wọ́n ní kó fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tó ń tọ́jú kì í ké mọ́, pé eegun wọn kò wọ́ bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n fún un ní ibùsùn ní Minneapolis General Hospital. Ní oṣù December, 1942, wọ́n ṣí Sister Kenny Institute ní ìlú náà, àwọn dókítà àti fisiotẹ́rápì sì ń wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, aṣọ kúbùsù gbígbóná ti gba ipò pákó àti irin ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà.

Wọ́n ṣe sinimá lórí ìtàn rẹ̀ ní 1946. Rosalind Russell ló ṣe Kenny níbẹ̀. Ní 1950, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fún un láyè láti máa wọlé kó máa jáde láìgba físà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lórí ìlà físà rí, ẹ ó mọ bí ìyẹn ti tó. Ní 1951, nígbà tí àwọn Gallup bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè obìnrin tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé, Kenny ni wọ́n dá lóhùn, ó borí Eleanor Roosevelt tí í ṣe ìyàwó ààrẹ wọn àtijọ́. Obìnrin gíga gbọ̀ngbọ̀nràn ni, irun rẹ̀ funfun, fìlà ńlá kì í sì í kúrò lórí rẹ̀.

A kò ní sọ pé áńgẹ́lì ni. Kò lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tako òun. Dókítà tó bá béèrè ìbéèrè lásán, ọ̀tá ló kà á sí. Ó ń sọ iye ọmọ tí òun wò sàn lọ́nà tí ẹni tó mọ ìṣirò kò lè gbà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí rọpárọsẹ̀ bá mú ni ara wọn máa ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà eegun kan ní Amẹ́ríkà sọ èyí sójútáyé ní 1944, wọn kò sì purọ́. Àlàyé tó ń ṣe lórí ohun tí àìsàn náà jẹ́ kò tọ̀nà: ó rò pé iṣan ni ìjà wà, nígbà tó jẹ́ pé inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló wà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kú níbẹ̀, aṣọ gbígbóná kò lè jí i. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe dára ju ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ lọ, àwọn tí kò fẹ́ràn ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Àwa gbà pé bí wọ́n ṣe ń fi ojú aláìníwèé wò ó fún ogún ọdún ló sọ ọ́ di ẹlẹ́nu mímú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà nínú P.O.P. ní gbogbo ìgbà tí àgbàlagbà fi ń jà, àwọn ló san gbèsè náà.

Ọ̀nà tó là ti wá kọjá rọpárọsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀gbà mú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sítúróòkù, ọpọlọ rẹ̀ ni wáyà ti já, kì í ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ti fi hàn pé ọpọlọ lè la ọ̀nà mìíràn, bí a bá ń lo apá àti ẹsẹ̀ náà léraléra, iṣẹ́ kan náà, lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn fisiotẹ́rápì fi ń ní kí bàbá dìde kó jókòó, kó dìde kó jókòó. Ìkọ́ni ni, ẹ má pè é ní ìyà. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tó yẹ. Kì í ṣe pé kí ẹbí máa wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kúrò lórí ibùsùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọwọ́ tí a bá so mọ́ àyà látàárọ̀ dalẹ́, èjìká rẹ̀ yóò gan. Orí ìrọ̀rí ni kí a gbé e lé nígbà tí bàbá bá jókòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e dìde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fa ọwọ́ tó rọ yẹn rárá, eegun èjìká lè yẹ̀.

Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti bá fínra pẹ́, ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kú, bàtà lè gé e jẹ kó má mọ̀. Rírìn àti ìdárayá máa ń jẹ́ kí ṣúgà ara lọ sílẹ̀, ó sì yẹ kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kí ẹnikẹ́ni má torí ìtàn Kenny máa fi aṣọ gbígbóná wé ẹsẹ̀ aládùn-ẹ̀jẹ̀, ìyẹn alátọ̀gbẹ, tàbí apá tí sítúróòkù ti mú. Kò ní mọ̀ pé ó ń jó òun. A ti rí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìyá wọn ló ṣe é.

Rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dín kù gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk jáde ní 1955, èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, ti Albert Sabin, tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní ọjọ́ 25 oṣù August, 2020, wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò náà ti kúrò ní Áfíríkà. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn nígbà náà. Ẹ má tìtorí ìyẹn sùn. Ní 2022 wọ́n rí kòkòrò rọpárọsẹ̀, irú èyí tó máa ń yọ lára oògùn ẹnu níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba àjẹsára, nínú omi ìdọ̀tí Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́sàn-án wá gba àfikún. Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré nílé tí wọ́n ti wà láàárín wa níbí lágbàlagbà. Bí ẹsẹ̀ tó ti ń gbé yín láti ogójì ọdún bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ yín lọ́nà tuntun, tàbí iṣan tó dára tẹ́lẹ̀ ń rọ, kì í ṣe aráyé, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn náà máa ń ní àtubọ̀tán bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ sọ fún dókítà yín, ẹ má sì fi agídí ṣe ìdárayá àṣejù. Ìsinmi wà lára ìtọ́jú rẹ̀.

Kenny kò rí abẹ́rẹ́ Salk. Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, àrùn Parkinson mú un, àìsàn ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara le, kí ẹsẹ̀ kọ̀ láti gbéra. Ọwọ́ tó ń fi ìka kan ibi tí iṣan ọmọdé ti so mọ́ eegun ni kò ṣe é gbé dúró mọ́. Lónìí, àwọn fisiotẹ́rápì máa ń lo orin tàbí ìpàtẹ́wọ́ láti fi gbé ẹsẹ̀ ẹni tó ní Parkinson, nítorí ẹsẹ̀ tó kọ̀ láti rìn lásán lè gbà láti tẹ̀lé ìlù. Bàbá tó bá ń jó dùndún níbi ìsọmọlórúkọ kó tó di pé àìsàn yìí mú un, ẹ máa lu ìlù fún un láti pálọ̀ dé ibi oúnjẹ.

Ní 1951 Kenny padà sí Toowoomba, ìlú tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti san nígbà èwe. Ní oṣù November, 1952, sítúróòkù kọlù ú. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé oògùn kan tí wọ́n ṣì ń dán wò ní Amẹ́ríkà lọ fún un, wọ́n sì fi mọ́tò sáré gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Ọdún yẹn gan-an ni rọpárọsẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn tó mú lé ní 57,000. Wọ́n sin ín sí Nobby, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ní ilẹ̀ tó ti gun ẹṣin kiri. Ilé ìtọ́jú rẹ̀ ní Minneapolis ṣì ń ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sítúróòkù àti ọpọlọ tó farapa ló kún ibẹ̀ báyìí, kì í ṣe rọpárọsẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè, a ń bọ̀ nílé yín ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, àwa àti ọmọbìnrin wa kan tó ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Ẹ má wulẹ̀ se oúnjẹ o. Kí bàbá wà lórí àga, kí ẹ sì ti tú gèlè yẹn.